Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Mi Ò Lè Jókòó

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú tó ń wọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jọ́ọ̀sì níbí, kì í sì í ṣe orí ìwé lásán ni mo ti kúnlẹ̀, torí àárọ̀ òní ni orúnkún mi kọ́kọ́ kan ilẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Mo kí Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Mo kí gbogbo agbolé wa ní Àrándùn, àgbà àti èwe. Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ṣubú lóko ti ń fúyẹ́? Ṣé ẹ ti lè dé ẹ̀yìnkùlé láìdi ẹnì kan mú?

Lẹ́tà tí Ẹ̀gbọ́n bá yín kọ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ẹ ń sunkún pé ọmọ yín bímọ, ẹ ò sì lè wá fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ ní kí n sọ bí ara mi ṣe rí gan-an, kí n má fi “a dúpẹ́” bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ó dáa, màá sọ ọ́.

Ọmọ yín yìí tóbi, Ìyá mi. Ara mi ya nígbà tó ń bọ̀, wọ́n sì rán mi. Èmi tí mo ń rán bùbá àti ṣòkòtò fún gbogbo àdúgbò, mo dùbúlẹ̀, mò ń ka bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Nọ́ọ̀sì ní kí n má mira. Nígbà tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá kọ́kọ́ di ògiri mú, torí ó ń ta mí bí ata. Bí ọmọ bá sì ti ń mu ọmú, inú mi á máa fún pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù.

Ọyẹ́ ló mú wa níbí. Ètè ń là, atẹ́gùn ń fi eruku kun ojú fèrèsé. Kùrukùru máa ń bo àwọn òkè àpáta títí di ọ̀sán, wọ́n á wá yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rántí nǹkan. Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n máa wò wọ́n. Oorun ò gbé mi lọ, kò sì fi mí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gúnyán ní ilé kejì, ìdí odó wa ni mo máa ń rò pé mo wà. Ẹ̀yin náà á wọlé, òórùn òrí á wà lára ìró yín. Màá nawọ́. Aṣọ fèrèsé ni màá bá lọ́wọ́.

Ọkọ mi ṣe ohun tí ọkùnrin lè ṣe. Tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà dé, á fọ aṣọ ọmọ, á ro ògì, kókó a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan ti wọ́n. Ó tò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí wàrà agolo méjì rà, ó sì gbé wọn wọlé bí ẹni tó pa ẹran wálé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ibà dé. Ọmú mi le bí òkúta, ó ń gbóná, ọmọ ò rí i mu, ó ń ké. Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bà yín nínú jẹ́. Mo kọjú sí ògiri. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá gbé ọmọ náà lọ. Mi ò fẹ́ rí i.

Obìnrin Haúsá kan wà tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa, Ìyá Ládi là ń pè é. Ó ti bá àwọn ará Ìlọrin ṣòwò rí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó gbọ́ igbe ọmọ, ó wọlé, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó pọn ọmọ, ó ní kí ọkọ mi wá mọ́tò, a sì padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi lóògùn. Nọ́ọ̀sì ní wàrà náà gbọ́dọ̀ jáde, kí n máa fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, kí n sì máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ládi ló ń gbé omi wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Á fi ìgúnpá wò ó kó tó jẹ́ kí n jókòó sínú rẹ̀. Á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, á fi tẹ ọmú mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wàrà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ojú rẹ̀ ló ta sí, ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́ wo ọmọ mi. Ó ní ṣé èyí nìkan ni? Ó ní nígbà tí òun bí Ládi, àlejò lòun ń pè é fún odindi oṣù kan. Ìyá òun ò bá òun wí. Á kàn gbé ọmọ lé òun láyà láràárọ̀, á sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ládi náà ṣe fún mi.

A sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Àṣàkẹ́ tí ẹ rán wá, gbogbo èèyàn ló pè é, èmi nìkan ni kò pè é. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn là, Ìyá Ládi tẹ́ ẹní fún mi síta. Ọmọ sùn lé mi láyà, èmi náà sùn. Nígbà tí mo lajú, ó ti jí, ó ń wò mí, kò ké. Mo ní, Àṣàkẹ́. Mo tún un pè. Mo ń pè é títí tí oòrùn fi kúrò lórí ẹní.

Ẹ̀jẹ̀ ti dínkù báyìí, ojú ibi tí wọ́n rán ti jinná. Lánàá, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rán etí aṣọ kan, mo sì dìde fúnra mi. Bí ọyẹ́ bá lọ, màá gbé ọmọ wá fún yín, ẹ má fi ẹsẹ̀ tó ń dùn yín wọkọ̀.

Ìyá mi, nǹkan kan wà tí mi ò bi yín rí. Nígbà tí ẹ bí mi, ta ló wẹ̀ yín? Ṣé ó dùn yín tó báyìí? Ẹ sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Kó má gé e kúrú.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín gbé e, á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá bi yín pé báwo ni mo ṣe wà.

Èmi ni ọmọ yín,
Adúnọlá, ìyá Àṣàkẹ́.