Wọ́n Ní Àkànó Wà Nínú Omi

Sátidé, 9 Jánúárì 1965
Mo mòòkùn ní adágún Ẹlẹ́yẹlé láàárọ̀ yìí. Ọyẹ́ mú, omi tòrò. Lábẹ́ afárá pákó tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, omi ò jìn — ọkùnrin méjì tó dúró lórí ara wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akọ epìyà ti gbẹ́ ihò yí ẹsẹ̀ afárá ká, kálukú ń ṣọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan gbá mi níka. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.
Sẹ̀gilọlá ìyàwó mi ti sọ ìgò afẹ́fẹ́ tí mò ń pọ̀n mòòkùn ní Orogún. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e dé láti London ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè, 10 Jánúárì
Ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ṣì dí mi létí ọ̀tún, mi ò gbọ́ ìwàásù. Kò dùn mí púpọ̀.

Mọ́ńdè, 11 Jánúárì
Wọ́n wá mi wá sílé-ìwé. Àkànó, apẹja tó máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ afárá, kò wálé lánàá. Wọ́n bá aṣọ àti bàtà rẹ̀ lórí pákó. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní síso. Wọ́n ti fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ti ju àwọ̀n. Òfo. Ràímì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣáájú wọn — télọ̀ ni, ní Dùgbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa gbé e jáde ká lè sin ín." 
Sẹ̀gilọlá ní kí n má lọ. Ó ní ẹja ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ nípa ẹ̀ ní London, kì í ṣe òkú.

Túsìdeè, 12 Jánúárì
Mo lọ. Ọ̀pá wọn ti da omi rú, ọwọ́ ni mo fi ń ríran. Ẹrẹ̀. Ìgò bíà. Páànù. Ọwọ́ mi bá nǹkan kan tó rọ̀ — mo dúró, mo rọra mí — àpò jíjẹrà ni. Mo wá gbogbo ẹsẹ̀ afárá. Kò sí Àkànó.
Mùtíátù ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sétí omi láti àárọ̀, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. Kò sunkún. Zùwáírátù ọmọbìnrin wọn sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ràímì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́: ẹnu obìnrin yìí ló lé àbúrò òun wọ omi, wọn ò jẹ́ sinmi ìjà láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Obìnrin náà bi mí jẹ́jẹ́ bóyá mo rí i. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wẹ́sìdeè, 13 Jánúárì
Ọ̀fìnkìn. Òkú omi kì í pẹ́ kó tó léfòó. Títí di ìrọ̀lẹ́, nǹkan kan ò léfòó ní Ẹlẹ́yẹlé.

Tọ́sìdeè, 14 Jánúárì
Omi ti tòrò padà. Mo lọ jìnnà ju afárá lọ, dé ibi tí koríko ti dí ọ̀nà. Mo lo afẹ́fẹ́ tán. Mo sọ fún wọn pé Àkànó kò sí nínú omi yìí.
"Ṣé ẹ ti rí gbogbo inú omi tán ni, Tíṣà?" Ràímì ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ní omi kì í fi gbogbo inú han àlejò. Àwọn àgbà mi orí.
Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹbí ti fẹnu kò sí. Bí wọ́n bá ti ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, Zùwáírátù yóò máa gbé lọ́dọ̀ òun, Mùtíátù yóò padà sílé bàbá rẹ̀. Wọn ò lè fi ọmọ sọ́wọ́ ẹni tó pa bàbá ọmọ. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn — pa.
Mùtíátù dìde. Èmi ló wò, kì í ṣe Ràímì. "Sà, ẹ sọ fún wọn bí omi yẹn ṣe jìn tó." Mo sọ. Wọ́n ti ń tú ká.

Sátidé, 16 Jánúárì
Mo lọ rọ afẹ́fẹ́ ní Èkó, mo bọ̀. Orogún ti kún. 

Sọ́ńdè, 17 Jánúárì
Mo pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Mo sọ fún Ràímì níwájú gbogbo wọn pé bí kò bá gba ojú mi gbọ́, kó wá fi tirẹ̀ wò ó. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó bọ́ agbádá. Ó ní bí omi bá gba ọ̀fun òun lọ, òun á san ààwẹ̀ òní padà.
Orí pákó ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ: mí sínú, mí síta, má sé èémí. Ẹnu ẹ̀rọ kan, èèyàn méjì. N óo mí, n óo gbé e fún un, yóò mí, yóò dá a padà.
Níbi òpó àkọ́kọ́ ẹ̀rù bà á. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń jà láti gòkè. Mo fi ọwọ́ kan di òpó mú, mo fi ẹnu ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Ó fara balẹ̀. Ìgbà tó yá, òun ló ń fà mí. Kò sí òpó tí kò fọwọ́ bà yí ká. Ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Lórí ilẹ̀, mo rò pé ìjà ló ń bá Mùtíátù jà. Lábẹ́ omi mo rí i pé àbúrò rẹ̀ ló ń wá.
A gòkè. Ó jókòó sórí pákó, omi ń ro lára rẹ̀. Ó ní, "Kò sí níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò jáde. Ó tún un sọ kí wọ́n lè gbọ́. Ẹnìkan ní níbo ló wá wà?  Ràímì ní ọmọ ò lọ síbì kankan mọ́.

Fúráìdè, 22 Jánúárì
Ràímì wá bá mi nílé, ní Bódìjà. Sẹ̀gilọlá gbé omi wá, ó rántí ààwẹ̀, ó gbé e padà. 
Ràímì ní òun ti ń wádìí kiri lọ́dọ̀ àwọn onímọ́tò. Ẹnìkan ní òun gbé Àkànó lọ sí Mọ́níyà. Ó lọ. Ó bá a tó ń hun àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà obìnrin kan. Kò ṣàìsàn. Oyún wà nínú obìnrin náà. Ohun tí Àkànó rí sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní omi gbé mi lọ. Ìyẹn ló máa rọrùn fún gbogbo wa."
Ràímì ní kí n bá òun lọ sọ fún Mùtíátù. Ó ní òun ò mọ ojú tí òun máa fi wò ó.

Sátidé, 23 Jánúárì
A lọ. Ràímì rò ó látòkè délẹ̀.  Nígbà tó parí, Mùtíátù ní, "Ara ẹ̀ yá?" Ràímì ní ó yá.
Mùtíátù wọlé. A ń gbọ́ ọ tó ń fa àpótí. Ó ń kó o jáde díẹ̀díẹ̀: ẹ̀wù, kẹ́tùlù, ẹní ìkírun, àwọ̀n, fìtílà. Gbogbo ohun tí Àkànó ní. Ó dì í ní ẹrù kan, ó gbé e síwájú Ràímì. Àwọn ará ilé ti jáde síta.
"Ẹ̀gbọ́n, òkú la máa ń pín ẹrù ẹ̀. Alààyè là ń kó tiẹ̀ fún."
Ràímì ṣí fìlà. Ó lóṣòó síwájú obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ní kí gbogbo wọn gbọ́: òun pe obìnrin yìí ní apànìyàn, kò pa ẹnikẹ́ni.
Mùtíátù jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ dìde." Òun fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù náà rù.
Télọ̀ Dùgbẹ̀ ru ẹrù àbúrò rẹ̀ gba títì lọ. Zùwáírátù bi ìyá rẹ̀ pé ibo ni Bàbá Dùgbẹ̀ ń lọ. Ó ní Mọ́níyà.
Nígbà tí mo fi máa gun kẹ̀kẹ́ mi, Mùtíátù ti mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ìyẹ̀wù.