Orúkọ Tó Wà Láyà Basirath

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025
Ìyá Basirath wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ní òun rí ọmọ òun ní ọjà Savalou lánàá.
Ọdún tó kọjá ni ibà pa Basirath, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín.
Ìyá ní, “Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò dání.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Gbogbo obìnrin tó wọlé lónìí, ojú Basirath ni mo ń rí lójú wọn.

Ọjọ́rú, 8
Mo wọ taksi lọ Savalou. Òótọ́ ni. Páálí gàgàrà kan wà lẹ́nu ọ̀nà olóògùn ìbílẹ̀, àwòrán Basirath lára rẹ̀, ó ga jù mí lọ. Fọ́tò tí èmi yà lọ́jọ́ tó gba dípúlọ́mù aránṣọ — ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi ìgò àgbo sí i lọ́wọ́. Àgbo ibà.
Alágbo náà ń jẹ́ Moucharafou. Ó ní orí Fesibúùkù lòun ti mú un. “Àǹtí, kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.”
Mo ní ọmọ náà ti kú. Ó ní kó tó di Jímọ̀, òun á yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9
Kò sí fọ́tò mi tí yóò tún jáde láìlórúkọ. Tairou àbúrò mi fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ “Nafissath, Bantè” sára gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ́lẹ́ bí èéfín. Ó ní kí n má fi sí igun, olè á gé igun dànù. Àárín àyà ló dáa. Ẹgbẹ̀rún méjì fọ́tò. Mo lọ kírun. Kí n tó dé, ó ti parí.

Jímọ̀, 10
Alágbo pè. Ó ti yọ páálí náà. Èmi náà pa èyí tí mo fi sórí Fesibúùkù rẹ́. Ara tù mí díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13
Ọyẹ́ mú. Kò síná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ìyá Basirath tún wá. Savalou ló ti ń bọ̀. Àṣé ó ti padà lọ jókòó síwájú páálí yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lónìí, ògiri lásán ló bá.
“Wọ́n tún ti gbé e lọ,” ló wí. Kò béèrè ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Mi ò sọ.
Ó ní kí n fún òun ní fọ́tò rẹ̀ kékeré kan, èyí tí òun lè máa gbé lọ́wọ́. Yacoubou ọkọ rẹ̀ ti sun gbogbo èyí tó wà nílé. Ọkọ náà ní òun kò lè máa wò wọ́n.
Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ mi dábùú àyà Basirath. Mo wá èyí tó mọ́, mi ò rí i. Mo pe Tairou. Ó ní òun rò pé mo ti kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn — ètò náà ti kọ tuntun lé wọn lórí. Mo pe Alágbo. Èyí tó ní ìgò nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo tẹ èyí tó lórúkọ mi jáde bẹ́ẹ̀.
Ìyá kò mọ̀wé. Ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Nafi, kí ni wọ́n kọ síbí?”
“Orúkọ ọmọ yín ni, Ìyá.”
Ó ní kí n kà á fún òun.
Mo wo orúkọ ara mi. Mo ní, “Basirath.”