Awakọ̀ Tó Kù Sórí Tábìlì

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́

Lálaalẹ́ ni mo máa ń rẹ ìka mi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n tó fi èékánná bó gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ mọ́ wọn kúrò.

Lónìí, nílé Délé ní Alágbàká, bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń to ọkọ̀ òfuurufú kékeré oníke, Fúnkẹ́ pariwo pé, "Ẹ ka èrò o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n lẹ ọkọ̀ kan pọ̀ tán kí wọ́n tó rí ọmọláńgidi awakọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì.

Mo béèrè pé, "Ta ló gbàgbé ẹ̀?"

Délé ní, "Ará Oǹdó, fi sílẹ̀. O ò sí níbẹ̀."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń jowú wọn. Apá ọkọ̀ tí Fúnkẹ́ lẹ̀ ò tiẹ̀ dọ́gba. Ká ní mo ti tètè kó láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ ni…

Lọ́la, màá jókòó sáàárín Délé àti Fúnkẹ́. Bí wọ́n bá tún pè mí ní Ará Oǹdó, màá ní Mojísọ́lá lorúkọ mi.