Omi Tútù fún Ara Gbígbóná

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Dúdú mi, Eligio ọkọ mi, a ti wọlé padà. Kíláàsì rẹ ni wọ́n fi mí sí, ibi tí o ṣubú sí ní Oṣù Karùn-ún. Páànù òrùlé ṣì wà lókè bí o ṣe fi í sílẹ̀. Kò sí àjà. Fáànù ń yí bí iná bá wà, iná ò sì sí.
Mi ò jókòó sórí àga rẹ. Ìdúró ni mo fi kọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Orí ń fọ́ àwọn ọmọ. Méjì sùn lọ sórí tábìlì. Mo bẹ ọ̀gá pé kí a máa kọ́ wọn lábẹ́ igi àjàgbọn. Ó ní, "Tíṣà Nereida, ilé ìwé la kọ́ síbí, kì í ṣe ọgbà ewúrẹ́." Mo ní ewúrẹ́ gbọ́n jù wá lọ, ó mọ ibi tí ibòji wà. Ó rẹ́rìn-ín. Kò gbà.

Ọjọ́rú, 4
Ìyá rẹ ṣì ń se oúnjẹ ilé ìwé. Ó ha ìrẹsì tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò — èyí tí ẹ máa ń jà sí — ó kó o sí etí àwo mi.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ọjọ́ tí o ṣubú padà wá sí mi lọ́kàn lónìí, níwájú pátákó. Ara rẹ gbẹ, ó gbóná bí ààrò. Mo gbé korobá omi. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú: "Má dà á sí i lára! Pasmo á pa á!" Gbogbo wọn gbè é lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ẹni tó ń lọ aṣọ kò gbọdọ̀ ṣí fìríìjì, ẹni tó ń làágùn kò gbọdọ̀ wẹ̀, kí pasmo, àìsàn òtútù tó ń mú ara gbígbóná, má baà gbé e. Wọ́n fi aṣọ bò ọ́, wọ́n ń retí kí ara rẹ rọ̀ fúnra rẹ̀.
Dókítà sọ fún èmi nìkan pé omi yẹn gan-an ni ì bá gbà ọ́ là. Mi ò tíì sọ fún Ìyá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Iná ò wá.

Ọjọ́ Àìkú, 8
A lọ sí ibojì rẹ. Ìyá ń fa koríko tu. Ó ní, "Aṣọ yẹn fẹ́lẹ́ jù. Ká ní a bò ó dáadáa ni, ì bá yè." Mo bá a fa koríko tu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Dariela ṣubú. Ọmọ tó máa ń kọrin ju gbogbo wọn lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò làágùn mọ́, ó ń sọ ìsọkúsọ. A gbé e lọ sábẹ́ igi. Mo gbé korobá. Ọwọ́ kan náà tún dì mí mú.
"Nereida! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"
"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Omi ni ì bá gba Eligio là. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."
Ó wò mí. Ó wo ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ tú. Ó sáré wọ ilé ìdáná, mo rò pé ó ti lọ nìyẹn — àfi bó ṣe gbé agbada omi yìnyín jáde. Òun gan-an ló dà á sí i lára, tó tún lọ bu òmíràn. Ọ̀gá ń fẹ́ ìwé sí i lára.
Dariela lanu. Ó ní ẹsẹ̀ òun tutù.

Ọjọ́rú, 11
Dariela ti wà nílé. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé pátákó lọ sábẹ́ igi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, olórí ewúrẹ́." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá wá. Iná wà, mo ń lọ aṣọ.
"Ìgbà wo ni dókítà sọ fún ẹ?"
"Oṣù Karùn-ún, Ìyá."
Ó jókòó. "O ti ń dá ẹrù yìí rù láti ìgbà yẹn."
Mo ń sunkún, mo ń lọ aṣọ lọ. Ó dìde, ó ṣí fìríìjì, ó bu omi tútù sí ife, ó gbé e wá bá mi bí mo ṣe ń làágùn lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù.
"Mu ún," ó wí.
Dúdú mi, mo mu ún tán.