Pánẹ́ẹ̀lì Búráùn Ni Kí Ẹ Fi Ṣe Rédíò Ọkọ Mi

Èmi, Rachael Ọmọ́níkẹ́ Adégbọlá, opó, tí ń gbé ní Karu, Àbújá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Orí mi pé. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nímọ̀ràn. Pásítọ̀ gbìyànjú, lọ́yà gbìyànjú, kálukú ti lọ sílé rẹ̀. Pámárì mẹ́ta ni mo kà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ìwé ìhágún yìí. Tiwátọ́pẹ́ ọmọbìnrin mi ni kó mú un ṣẹ, nítorí bó bá ń purọ́, ẹ̀rín máa ń pa á.

1. Ilé Karu jẹ́ ti Tiwátọ́pẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúwakáyọ̀dé. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi ṣe ohun tó wà ní ìkẹta.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi ní Abaji di ti Ìyá Ànú tó ń bá mi sìn wọ́n. Ó ń jí ọmọ wọn tà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ìyá wọn.

3. Rédíò tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó fi fẹ́ mi, iná ti jó o. Ìyá mi ti ní a kì í fọmọ fún atún-rédíò-ṣe. Ọjọ́ tó gbé e wá, ìyá mi jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Káyọ̀dé tó jẹ́ ẹnjiníà ń ṣe irú rẹ̀ gan-an fún mi. Ó ku pánẹ́ẹ̀lì, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi òjé lẹ àwọn ẹ̀yà inú rédíò mọ́. Ti ìgbà yẹn, bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, búráùn ni. Gíríìnì ni ti ìsinsìnyí. Káyọ̀dé ní gíríìnì náà á ṣiṣẹ́, pé ta ló máa tú u wò. Èmi ni! Ó tún gbé búráùn kan dé láti ọjà Utako. Mo fi etí ìró mi nù ún, pólíìṣì bàtà ló ṣí kúrò. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Bóyá. Pólíìṣì tirẹ̀ náà ń yára tán nílé. Kí Tiwátọ́pẹ́ tú rédíò náà, kó fi èékánná fá inú rẹ̀, kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

4. Áyọ́ọ̀nù tí ọkọ mi fi ń jó òjé, kí wọ́n gbé e sínú pósí mi. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó wá bá mi níbẹ̀.

5. Ojúlówó pánẹ́ẹ̀lì méjì ni ọkọ mi fi sílẹ̀, méjèèjì ni rédíò náà sì máa gbà. Ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ajíbọ́lá, àbúrò ọkọ mi, yá èkejì lọ́dún tí a sìnkú, ó ní fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ṣì ń wá a. N kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un, lọ́yà sì ní ẹni tó bá máa jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo fọwọ́ sí i ní Karu, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2016.

R. Ọ. Adégbọlá

Ẹlẹ́rìí: Hanifah Jàbárù, aládùúgbò mi
Ẹlẹ́rìí: Ajíbọ́lá Adégbọlá

Ọkọ mi kékeré, ẹ ti fọwọ́ sí i. Ẹ dá pánẹ́ẹ̀lì mi padà.