Igi Orí Òkìtì Kùsà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ìmọ̀ igi àti ewé ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń kọ ìwé lórí ilẹ̀ ìwakùsà àtijọ́, bó ṣe tún padà di igbó. Mo ti fún un lórúkọ: Ìyá Ewé. Ó béèrè ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa. Mo nawọ́ sí Kata, ọkọ mi, tó fi katakata họ ilẹ̀ náà fún ọdún mọ́kàndínlógún kí wọ́n tó ti iléeṣẹ́ pa. Ó ń bó ọsàn lọ ní tiẹ̀, kò gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo tẹ̀lé Ìyá Ewé gun òkìtì yẹ̀pẹ̀ ìwakùsà. Orúnkún mi ń bú mi. Géètì ti wó — ibi tí mo máa ń jókòó sí, tí mo ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Ibẹ̀ ni Kata ti máa ń pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ọgbọ́n wo ni ọkùnrin ò ní dá? Eruku pupa nìkan la ní nígbà náà, aṣọ funfun kì í lo ọjọ́ kan. Ní báyìí, abẹ́ ìbòòji ni mo rìn títí. Kòtò ńlá ti di adágún, lékeléke tò sétí rẹ̀.

Ìyá Ewé ní fúnra wọn ni igi wọ̀nyí hù. Mo ní rárá o, ọkọ mi ló gbìn wọ́n. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹnu mi ò sinmi lọ́dọ̀ Ìyá Ewé lónìí. Ọdún tí iléeṣẹ́ kógbá sílé, tí gbogbo èèyàn ń di ẹrù, Kata ń ru irúgbìn àti omi lọ sórí òkìtì. Àràárọ̀. Ọdún dé ọdún. Ó ní òun lòun ba ilẹ̀ náà jẹ́. Mo fi yangàn títí — ládùúgbò, níwájú àwọn àna mi. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé yẹn. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìgbà wo ni wọ́n tún fẹ́ kọ ọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Kata ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìyá Ewé wá. Ó ní, "Bàbá, èwo lẹ kọ́kọ́ gbìn nínú àwọn igi yẹn?"

Kata fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọmọ mi, igba ó lé ogójì ni mo gbìn. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ pa gbogbo wọn. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan."

Mo ní, kí lẹ wá ń lọ ṣe níbẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Ó ní òun ń jókòó ni. Òun ń wò ó.

Mo wọ kíṣìnì lọ, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, 12
Inú ṣì ń bí mi. Irọ́ funfun báláú ni mo fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Gbogbo wa la pàdánù iṣẹ́. Ìwọ nìkan lò ń rìn bí ẹni tí nǹkan ṣì kù fún. Ṣé kí èmi tún wá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ?"



Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun òkìtì. Kata lọ tààrà síbi òkúta kan tó ti jókòó lé títí tó fi ń dán. Ìyá Ewé ń nawọ́ sí nǹkan, Kata ń dáhùn. Koríko bẹẹrẹ: ọdún kejì lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ kógbá sílé, lójú ibi tí omi ń ṣàn gbà. Igi ayinrẹ́: ọdún karùn-ún. Ọ̀pọ̀tọ́: ọdún keje — àdán ló su kóró rẹ̀ síbẹ̀. Ewé méjì péré ló ní nígbà tí Kata rí i. Ó fi òkúta yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Lékeléke: ọdún kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá kan. Kò wo ìwé kankan.

Ìyá Ewé ní, "Bàbá, kò sí ẹlòmíì tó rí èyí." Ó ń kọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ náà má baà sá lọ.

Mo bi Kata pé ọdún kẹfà ńkọ́. Ó ní òjò ò rọ̀ lọ́dún yẹn, nǹkan kan ò hù. "Mo kàn ń wá ni."

Mo ní kó sún. Mo jókòó tì í lórí òkúta. Àyè gbà wá.