Bàbá Kì Í Bá Ọmọ Hang Out

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ọmọ yín, tí ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó ń bọ́ fìlà fún láràárọ̀, tí ogójì olùkọ́ ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó lè la ẹnu sọ gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń kí yín. Ṣé ara le? Ṣé àtàǹpàkò yín tí dígí gé ti jinná? Mo gbà á ládùúrà pé kí atẹ́gùn orí ilé gogoro tí ẹ ti ń fi dígí sí fèrèsé má ṣe yín ní nǹkan kan. Ara tèmi le. Màámi ní ẹ má gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ṣọ́ọ̀bù wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo ń gbá àfọ́kù dígí, mo sì ń fi kẹrosíìnì nu irin tí ẹ fi ń gé e kó má dípẹtà. Oníbàárà yín tó máa ń kánjú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó béèrè yín. Mo ní ẹ wà lójú òfuurufú.

Àmọ́ kì í ṣe ìròyìn dígí ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ “hang out” ni.

Ẹ rántí ọkọ àti ìyàwó tó wá ra dígí, tí wọ́n ń sọ ọ́ síra wọn bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe lọ, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, “Lọ́yà, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?” Mo gbá àyà, mo ní ó lè jẹ́ kéèyàn sá aṣọ síta, àmọ́ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́, ó jẹ́ kí èèyàn kàn jọ wà pọ̀, láìsí iṣẹ́, láìsí ẹjọ́. Ẹ ní, “Láìsí iṣẹ́ rárá?” Mo ní rárá. Ni ẹ bá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa ìlà sára dígí, bí ọmọ tó ń há ìṣirò sórí.

N kò mọ̀ pé torí mi lẹ ṣe ń há a. Iṣẹ́ nìkan ló máa ń mú àwa méjèèjì bára wa sọ̀rọ̀: “Di ibí mú. Rọra. Gbé e sókè.” Tí dígí bá ti wọ férémù, ọ̀rọ̀ parí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí ògiri kúkurú níwájú ṣọ́ọ̀bù atún-fóònù-ṣe, mò ń pa irọ́ tó lè gbé erin. Mo kàn rí yín. Ẹ ti wẹ̀, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ kì í wọ̀ lásán, ìgò mínírà tútù méjì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní, “Lọ́yà, mo wá hang out.”

Ẹ̀rín pa àwọn ọ̀bọ yẹn. Elétí-Ehoro, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí ògiri. Ojú tì mí, ẹnu mi sì yá ju orí mi lọ. Mo ní, “Ẹ̀yin náà! Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni. Bàbá kì í bá ọmọ hang out. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.”

Ká ní ẹ bínú ni, ì bá sàn. Ẹ kàn ní, “Háà, n kò mọ̀. Ẹ má bínú o.” Ẹ̀yin lẹ bẹ àwa ọmọ àná! Ẹ gbé ìgò méjèèjì ka orí ògiri, ẹ rọra ń lọ bí ẹni tó gbé dígí.

Kò pẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn yìí dé. Ohun tí ẹ bá mi sọ ní ìdíkọ̀ kò ju “Máa ti ilẹ̀kùn dáadáa” lọ. Mo fẹ́ pè yín padà, àmọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mo bá yín tì.

Ní báyìí, mo máa ń jókòó sórí àpótí yín nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n di ibì kankan mú. Àwọn ọ̀bọ ń súfèé pè mí, n kì í dáhùn.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fún yín láyè, ẹ wálé. Ẹ má mú dígí kankan bọ̀. Mo ti to àpótí méjì síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ yín múlẹ̀ lórí àkàbà. Ọwọ́ tó ń gé dígí kò ní gé ara rẹ̀. Ayọ̀ lẹ ó fi wọlé.

Èmi ni ọmọ yín, Lọ́yà,
tí ẹjọ́ tirẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àfikún: Irọ́ ni ogójì olùkọ́ yẹn. Ẹyọ kan ni, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì bi mí. Ìyẹn kéré. Mo yá ìwé atúmọ̀ èdè, mo kà á dé ibi “hang out”. Wọ́n kọ ti aṣọ, wọ́n kọ ti ká jọ wà pọ̀. Kò síbi tí wọ́n ti yọ bàbá kúrò. Èmi ni mo fi ìyẹn sí i.